Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Àwọn Àgbà Ìjọ Àkọ́kọ́ Bí Ìwé Ẹjọ́

Ẹ má fi ikú wọn bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá wá bá mi ní Ìkẹ́rẹ́ pé òun fẹ́ kọ́ nípa àwọn àgbà ìjọ ìgbà àkọ́kọ́. Èèyàn á ti gbọ́ nípa kìnnìún, á ti gbọ́ nípa iná, á ti rí àwòrán bàbá arúgbó kan lórí fóònù tí ìmọ́lẹ̀ roboto wà lẹ́yìn orí rẹ̀, á wá rò pé òun ti mọ ìtàn náà tán. Kò tíì mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan bàbá yẹn. Kò mọ adájọ́, kò mọ ohun tí wọ́n bi í, kò sì mọ ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un tí kò gbà.

Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ oníẹ̀gẹ́, kò sí èyí tí ọwọ́ mi ò kọ rí. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa darí kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ìjọ wa, ọgbọ́n kóòtù náà ni mo gbé wọ ibẹ̀, torí òun ni mo mọ̀. Ó sì bá a mu. Púpọ̀ nínú ohun tó ṣeé gbára lé jù nípa àwọn àgbà wọ̀nyí, ìwé ẹjọ́ ni, tàbí lẹ́tà tí wọ́n kọ nígbà tí ẹjọ́ ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ to àwọn ẹlẹ́rìí

Ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ fa ìlà méjì sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kó di ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni ti ohun tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀nà kejì ni ti ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ. Ọ̀nà kẹta ni ti gbọ́-sọ. Gbogbo ohun tí ẹ bá kà nípa ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kan wọ̀ kí ẹ tó tún ka òmíràn.

Ẹ mú Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù. Ó kọ lẹ́tà 7 nígbà tí àwọn ọmọ ogun 10 ń mú un lọ sí Róòmù láti lọ kú, ní ayé Trajan, ọba Róòmù. Ó pe àwọn ọmọ ogun yẹn ní àmọ̀tẹ́kùn (ẹ̀ṣọ́ tiwa kọ́ o), ó ní bí èèyàn bá ṣe ń ṣe wọ́n lóore tó ni wọ́n ń burú sí i. Ó bẹ àwọn ará Róòmù kí wọ́n má wá ẹni tó máa gba òun sílẹ̀, ó ní àlìkámà Ọlọ́run ni òun, eyín ẹranko ni yóò lọ òun. Ọ̀nà kìíní ni gbogbo èyí ń lọ, torí ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Àmọ́ ìtàn kan wà pé òun ni ọmọ kékeré tí Jésù mú dúró sí àárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ìyẹn tó jáde. Ọ̀nà kẹta.

Pétérù ńkọ́? Lẹ́tà kan wà tí ìjọ Róòmù kọ sí Kọ́ríńtì ní nǹkan bí ọdún 96, tí wọ́n kà sí ti Clement. Ó ní Pétérù fara da ìyà púpọ̀, ó jẹ́rìí, ó sì lọ síbi ògo tó yẹ ẹ́. Ó tán. Pé wọ́n kàn án mọ́gi ní orí kodò, inú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìṣe Pétérù ló ti wá, ìyẹn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Clement. N ò ní kí ẹ jù ú nù. Ní kóòtù pàápàá, a máa ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ẹni tí ẹ máa bá pàdé níbi gbogbo ni Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà, tó kú ní nǹkan bí ọdún 339. Ó kọ ìtàn ìjọ ní ìwé 10. Ó jìnnà sí àwọn àgbà àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ràn ọba Constantine ju bó ṣe yẹ kí òpìtàn fẹ́ràn ọba lọ, lójú tèmi. Síbẹ̀ mo gba tiẹ̀, nítorí pé ó máa ń da odindi lẹ́tà àwọn ará àtijọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀. Ibi tó bá ti ń dà á kọ, ẹ fà á lọ sí ọ̀nà kejì. Ibi tó bá ti ń sọ tẹnu ara rẹ̀, ẹ fà á padà sí ọ̀nà kẹta.

Kí ni ẹ̀sùn wọn gan-an?

Ìbéèrè yìí ni kíláàsì máa ń fò. Ẹ ka lẹ́tà tí Pliny, gómìnà Bítíníà (ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní), kọ sí Trajan ní nǹkan bí ọdún 112, àti èsì tí ọba fún un. Pliny ò mọ ohun tí ó máa ṣe. Ó ní òun bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta bóyá Kristẹni ni wọ́n. Èyí tó bá taku, kó lọ kú. Èyí tó bá ní òun kì í ṣe Kristẹni, kó fi tùràrí àti wáìnì rúbọ níwájú ère ọba, kó sì fi Kristi bú, kó máa lọ sílé. Trajan fèsì pé kí wọ́n má ṣe máa wá wọn kiri, kí wọ́n má sì gba ìwé ẹ̀sùn tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú wọn wá tí ẹ̀rí sì dúró, kí wọ́n jẹ wọ́n níyà.

Ẹ rí i pé ẹ̀sùn olè kọ́, kì í sì í ṣe ti ìpànìyàn. Orúkọ yẹn gan-an ni ẹ̀sùn, ẹni tó bá sì sọ orúkọ náà nù lónìí, òmìnira dé. Bí ẹ ò bá mọ èyí, gbogbo ìdáhùn wọn ní kóòtù á dà bí agídí lásán lójú yín.

Nínú lẹ́tà yẹn kan náà, Pliny ní òun fìyà jẹ ẹrúbìnrin méjì kí wọ́n lè jẹ́wọ́, àwọn tí ìjọ ń pè ní díákónì. Kò kọ orúkọ wọn. Mo máa ń ní kí kíláàsì dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí tí a bá ń pe àwọn aṣáájú ìjọ ìgbà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrú méjì yìí wà lára wọn.

Ìwé ẹjọ́ tó kéré jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà pa pọ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 180, wọ́n kó àwọn Kristẹni 12, ọkùnrin 7 àti obìnrin 5, láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Scilli wá síwájú gómìnà Saturninus ní Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí. Ìwé ẹjọ́ wọn kò ju ojú ewé méjì lọ. Gómìnà sọ̀rọ̀, Speratus dáhùn, gómìnà tún sọ̀rọ̀. Ẹ máa rò pé akọ̀wé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń kọ ọ́, èmi sì fẹ́ràn akọ̀wé yẹn, torí kò fi iyọ̀ sí i. Gómìnà béèrè ohun tó wà nínú àpótí wọn. Speratus ní ìwé ni, àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, olódodo èèyàn. Gómìnà ní òun fún wọn ní ọjọ́ 30 kí wọ́n lọ ronú. Ẹ gbọ́, ó sún ẹjọ́ síwájú! Wọ́n kọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ́ wọn lórí.

Ẹ pín in fún àwọn èèyàn kí wọ́n kà á sókè: ẹnì kan ní gómìnà, ẹnì kan ní Speratus, àwọn ìyá wa ní Donata, Vestia àti Secunda, tí ìdáhùn tiwọn kò ju gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ máa bá ìwé wọ̀nyí pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó jókòó láti Ọjọ́bọ̀, kó yí i sí Yorùbá tí ìyá tí kò lọ sílé ìwé máa lóye. Ẹ má ṣe ka Gẹ̀ẹ́sì sókè kí ẹ wá máa túmọ̀ níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ á já ní ìdajì, oorun á sì kun àwọn àgbà. Ẹ fi ohùn kà á sórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé fún àwọn tí ojú ń dùn.

Lẹ́yìn wọn, ẹ ka lẹ́tà tí ìjọ Símírínà kọ nípa Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n dáná sun ní nǹkan bí ọdún 155. Gbogbo èèyàn ló mọ ìdáhùn rẹ̀ pé ọdún 86 ni òun ti ń sin Kristi, kò sì ṣe òun níbi rí. Ìwọ̀nba ni àwọn tó mọ̀ pé ó kọ́kọ́ fi ìlú sílẹ̀ lọ sí oko, pé ó tún kúrò ní oko kan bọ́ sí òmíràn, àti pé nígbà tí àwọn tó wá mú un dé, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn bí wọ́n bá ṣe fẹ́, kí wọ́n sáà fún òun ní wákàtí kan láti gbàdúrà. Wákàtí méjì ló gbà. (Ìyá kan ní kíláàsì béèrè bóyá iyán ni wọ́n gún fún wọn.) Ẹ má sì fo Quintus, ará Fíríjíà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ fara hàn pé kí wọ́n mú òun. Nígbà tó rí ẹranko, ẹ̀rù bà á, ó sì rúbọ. Àwọn ará Símírínà kọ ọ́ kedere pé àwọn ò yin ẹni tó bá lọ fa ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Cyprian: ẹ fún un ní oṣù kan

Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan péré ni ẹ máa lè kọ́ dáadáa, Cyprian ni kó jẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ tó kù lé ní 60, ìwé ẹjọ́ rẹ̀ wà, díákónì rẹ̀ Pontius sì kọ ìtàn ayé rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìwé àjákọ yín á kún.

Ọlọ́rọ̀ ni, ọ̀mọ̀wé ni, kò sì tíì pẹ́ tó gbàgbọ́ kí wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní nǹkan bí ọdún 248. Kò pẹ́ ni ọba Decius pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà ìjọba, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ti hú irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó lé ní 40, tí orúkọ, ìlú àti ìbọwọ́lùwé àwọn ìgbìmọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ wá àwòrán ọ̀kan lórí fóònù kí ẹ fi han kíláàsì. Èmi tó ti tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo rí i.

Kí ni Cyprian ṣe? Ó sá pamọ́. Ibi tó sá sí ló ti ń fi lẹ́tà darí ìjọ. Àwọn àlùfáà Róòmù, tí wọ́n ti pa bíṣọ́ọ̀bù tiwọn, kọ lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ olùṣọ́ àgùntàn tó sá lọ wà nínú rẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà yẹn, kí ẹ sì ka èsì Cyprian, torí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá òṣìkà ni. Ó ní bí òun bá dúró, ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ òun ní ìgboro ni yóò kó bá gbogbo àwọn ará. Ṣé ẹ gbà á? Kíláàsì wa pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ò sì gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀.

Wàhálà tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló tún le jù. Àwọn kan ti rúbọ. Àwọn kan ò rúbọ, àmọ́ wọ́n fowó ra ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo wọn wá fẹ́ padà sí ìjọ. Àwọn tó jìyà nínú ẹ̀wọ̀n sì ń kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n gbà wọ́n, àwọn ìwé kan tiẹ̀ ní kí wọ́n gba “lágbájá àti àwọn ará ilé rẹ̀” láìka iye wọn. Ní Róòmù, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Novatian ní kò sí àyè fún ẹni tó bá ṣubú mọ́. Ní Carthage, àwọn àlùfáà kan ti ń fún wọn ní oúnjẹ Olúwa láìbéèrè nǹkan kan. Cyprian àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò: ẹni tó ra ìwé, ẹni tí wọ́n fìyà jẹ kó tó rúbọ, ẹni tó sáré lọ rúbọ kí wọ́n tó pè é.

Ibí yìí ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ilẹ̀ Èkìtì sọ̀rọ̀. Kò sí ìdílé tí ò ní ìtàn baba kan tí mọ̀lẹ́bí ní kó wá dá owó ọdún ìbílẹ̀, tó kọ̀, tàbí tó rọra fún wọn lówó ní kọ̀rọ̀ kí àlàáfíà lè wà. Ẹ bi wọ́n: èwo nínú ẹ̀ka Cyprian ni bàbá yẹn wà? Ẹni tó bá ń darí kíláàsì kó pa ẹnu mọ́ nígbà yẹn, kó sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ aládùúgbò.

Ní ọdún 257, wọ́n mú Cyprian wá síwájú gómìnà Paternus. Gómìnà ní kó dárúkọ àwọn àlùfáà rẹ̀. Ó ní òfin ẹ̀yin ará Róòmù gan-an ló ka ìtanilólobó léèwọ̀, nítorí náà òun ò lè dárúkọ wọn. (Agbẹjọ́rò ni ì bá dáa kó jẹ́.) Wọ́n lé e lọ sí ìlú Curubis. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá a padà, ó ń gbé nínú ọgbà rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wá gbé òun lọ sí Utica fún ẹjọ́, ó tún sá pamọ́ díẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà pé ìlú tí bíṣọ́ọ̀bù ti ń darí ìjọ ló yẹ kó ti jẹ́rìí. Nígbà tí gómìnà dé Carthage, ó jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258, gómìnà Galerius Maximus ní kó ro ara rẹ̀ wò. Cyprian ní kó ṣe ohun tí wọ́n pa láṣẹ fún un, nínú ọ̀rọ̀ tó tọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí à ń rò. Wọ́n ka ìdájọ́. Ó ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.” Ó sì ní kí wọ́n fún ẹni tó máa bẹ́ òun lórí ní owó wúrà 25.

Ẹ fi ìsásá kìíní àti ìsásá kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ má fi ikú bẹ̀rẹ̀.

Ti Perpetua

Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ tíì ṣe ìrìbọmi nígbà tí wọ́n mú un. Ọmọ ọdún 22 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn ni, ó ń tọ́mọ lọ́wọ́, wọ́n sì pa á ní Carthage ní oṣù Kẹta ọdún 203 pẹ̀lú Felicity, ẹrúbìnrin tó bímọ sínú ẹ̀wọ̀n. Mo fi í kún un torí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, ẹlòmíràn ló sì kọ ti ọjọ́ ikú. Ẹ wo ibi tí baba rẹ̀ ti wá bẹ̀ ẹ́: ó fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún, kò pè é ní ọmọ mọ́, ìyáàfin ló ń pè é. Nílùú tí ọmọ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún baba, n ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ní kóòtù, gómìnà Hilarianus ní kí wọ́n fi ọ̀pá na baba náà. Perpetua kọ ọ́ pé ó dun òun bí ẹni pé òun ni wọ́n nà. Ẹ má tún fi ọ̀rọ̀ kún un lẹ́yìn tí ẹ bá kà á. Ẹ kọ orin kan.

Àwọn tí ará ilé ṣe inúnibíni sí

Lẹ́yìn ọdún 313 tí ìjọba Róòmù fún àwọn Kristẹni ní òmìnira, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pa wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ìyọnu ò tán. Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà láti ọdún 328 sí 373, lọ sí ìgbèkùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, nǹkan bí ọdún 17 lápapọ̀, ọwọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó pa bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Arsenius, ó sì gé ọwọ́ rẹ̀. Arsenius wà láàyè, ó fara pamọ́ ni. Athanasius fúnra rẹ̀ kó lẹ́tà tó fi hàn pé ọkùnrin náà ò kú sínú ìwé àwíjàre rẹ̀. Ìtàn tó dùn, pé ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Tírè ní ọdún 335 ó mú Arsenius wọlé nínú aṣọ ìbora, ó fi ọwọ́ kan hàn, ó fi ìkejì hàn, ó wá bi wọ́n ibi tí ẹ̀kẹta ti hù, àwọn òpìtàn ọ̀rúndún karùn-ún ló sọ ọ́. Ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń lọ. Ẹ ka John Chrysostom náà, bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lé kúrò ní Constantinople ní ọdún 404, pàápàá lẹ́tà tó kọ sí díákónì obìnrin Olympias láti ìgbèkùn. Àìsàn, òtútù àti ẹrù ìrìn àjò ló kún inú rẹ̀.

Kékeré mẹ́ta

Ẹ fi máápù hàn wọ́n. Carthage wà ní Tùnísíà, Hippo, ìlú tí Augustine ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù, wà ní Àljéríà, Alẹkisáńdíríà wà ní Íjíbítì. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n, kò sì yẹ kí a máa kà wọ́n bí òyìnbó, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ará ibí ni wọ́n o.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù. “Ẹ̀jẹ̀ ajẹ́rìíkú ni irúgbìn ìjọ,” wọ́n á ní Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ará Carthage, ló sọ ọ́. Ohun tó kọ ní nǹkan bí ọdún 197 ni pé irúgbìn ni ẹ̀jẹ̀ àwọn Kristẹni. Ó sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ wá ìwé náà ló máa rí i pé gómìnà ló ń bá wí.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fi ọ̀nà mẹ́ta yìí ka ti ilé. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, tí wọ́n fi joyè ní ọdún 1864, tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó wá gba àṣẹ iṣẹ́ ìhìnrere Niger mọ́ lọ́wọ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ pọ̀. Ayo Babalola tó sinmi ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ó yẹ kí ẹnì kan lọ jókòó ti àwọn àgbà tó rí i lójú kó tó kú ní ọdún 1959, kó kọ ọjọ́ orí wọn àti ibi tí wọ́n dúró sí. Ìjọ yín náà ní ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìpàdé àtijọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù vẹ́sítìrì. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Baba Ìjọ, ẹ jókòó kà á níbẹ̀, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ewé tí ikán ti ń jẹ. Ẹ má gbé e lọ sílé.